Bí Mo Ṣe Wáyà Ọkọ̀ Akó-yìnyín Láàárín Aṣálẹ̀

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ fara balẹ̀ kí n ròyìn ohun tí ẹnu mi kó mi sí ní Sharjah, ìlú tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Dubai. Ẹ máa rẹ́rìn-ín o, ṣùgbọ́n ẹ rọra!

Iṣẹ́ rewire ni mo kọ́ ní Mushin. Visit visa mi ku ọjọ́ márùn-ún péré nígbà tí mo dé wọ́kíṣọ́ọ̀bù Ustad Karim, ọ̀gá kan ará Pakistan. Ó ní tí mo bá lè wáyà mọ́tò kan fún òun, òun á gba visa iṣẹ́ fún mi. Tí n kò bá lè ṣe é, Èkó yá nìyẹn.

Mọ́tò wo? Ọkọ̀ akó-yìnyín láti Canada! Irin gbàgìdì kan wà níwájú ẹ̀ tí wọ́n fi ń ti yìnyín kúrò lójú títì. Bàbá Lárúbáwá kan ló rà á, ó fẹ́ máa fi ti yanrìn kúrò lọ́nà oko ràkúnmí ẹ̀. Ustad bi mí bóyá mo mọ yìnyín. Mo ní ní Jos, ó máa ń bò wá dé orúnkún ní gbogbo December! Ta ló rán mi níṣẹ́?

Wàhálà ibẹ̀ ni pé tí wọ́n bá gbé irin yẹn sókè, á dí iná iwájú mọ́tò. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń gbé iná méjì mìíràn sí òkè irin náà. Mo bá ṣe é bíi ti Mushin: mo bó wáyà iná mọ́tò, mo lọ́ ti iná tuntun mọ́ ọn, mo fi téèpù wé e. Wáyà rẹpẹtẹ tó kù nínú páálí tí iná tuntun náà bá wá, mo tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ọ̀sán gangan lèmi àti Ustad wọ́ ilẹ̀kùn wọ́kíṣọ́ọ̀bù wálẹ̀ kí ibẹ̀ lè ṣókùnkùn. Mo tan iná. Yéè! Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló tàn pọ̀! Ti ìsàlẹ̀ lu irin, ó padà sí wa lójú. Dáṣíbọ́ọ̀dù ń ké, iná ń ṣẹ́jú, gbogbo ẹ̀ bá kú pátápátá. Kọ̀ǹpútà mọ́tò ti rí i pé iná tí wọ́n ń fà ti pọ̀ jù, ló bá gé e.

Nínú òkùnkùn yẹn ni Ustad ti rọra bi mí pé, "Nigeria, this Jos snow, what colour?"

Ojú tì mí débi pé mo jẹ́wọ́. "Ustad, sorry sir. I never see snow for my life."

Ló bá bú sẹ́rìn-ín! Ó ní orí òkè ni wọ́n bí òun sí, pé yìnyín máa ń dí ilẹ̀kùn ilé bàbá òun. Àṣé ó ti mọ̀ látìbẹ̀rẹ̀! Wọ́n ní irọ́ lè lọ fún ogún ọdún kí òótọ́ tó bá a, tèmi ò tiẹ̀ lò tó ọjọ́ méjì.

Ó ní, "Yalla," ìyẹn ó yá, "bring carton." Wáyà tí mo tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ gan-an ni iṣẹ́! Mo tún èyí tí mo bó ṣe, a yọ pulọ́ọ̀gì iná mọ́tò, a sì ki wáyà náà sáàárín. Ara bátìrì ló ti ń gba iná, ó ní fíúsì tirẹ̀, bọ́tìnnì kan sì wà lọ́dọ̀ awakọ̀. Tí tòkè bá tàn, tìsàlẹ̀ á kú. Ó tàn rekete!

Ustad gba visa náà fún mi lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ó ní dandan, kí wọ́n kọ iṣẹ́ mi sí fọ́ọ̀mù báyìí: snow plow electrician, ìyẹn rewire ọkọ̀ akó-yìnyín. Ọmọbìnrin tó ń tẹ fọ́ọ̀mù náà ní ọ́fíìsì visa wo oòrùn níta, ó wò mí, ó bi mí pé níbo ni yìnyín wà. Mo ní kó bi Ustad.

Ẹ gbọ́ o, "mi ò mọ̀ ọ́n" kì í pa èèyàn. Ẹ̀yin ńkọ́, irọ́ wo lẹ ti pa nítorí iṣẹ́? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí, ẹ má jẹ́ kó jẹ́ èmi nìkan lójú ń tì!