Ìyá Oníbúlọ́ọ̀kù Kò Kó Lọ Mọ́

Ó ṣòro láti rí ilé tuntun kan nínú ìlú náà tí búlọ́ọ̀kù Ìyá Oníbúlọ́ọ̀kù kò sí lára rẹ̀, bẹ́ẹ̀ inú ilé pákó lòun fúnra rẹ̀ ń sùn. Kì í ṣe pé kò lágbára àtikọ́lé o. Pákó ṣeé tú ni. Ẹni tí wọ́n ń lé kiri kì í kọ́ ohun tí kò ṣeé tú.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ìjọba ti lé e. Òfin ìlú ni pé kí iṣẹ́ aláriwo àti eléruku wà lẹ́yìn ààlà, kí inú ààlà jẹ́ ti ilé gbígbé. Òfin náà kò burú. Ta ló fẹ́ kí ẹ̀rọ búlọ́ọ̀kù máa jí òun? Àmọ́ ààlà ọ̀hún kì í dúró sójú kan. Ìyá á tẹ̀dó sínú igbó, ọ̀nà á tọ̀ ọ́ lẹ́yìn, ilé á tẹ̀lé ọ̀nà, búlọ́ọ̀kù rẹ̀ náà ni wọ́n á sì fi kọ́ ọ. Tó bá yá, wọ́n á sún ààlà kọjá orí rẹ̀, wọ́n á ní kó dìde. Ẹ tiẹ̀ gbọ́ ìyà!

Nígbà tó máa di ẹ̀ẹ̀kẹrin, wọ́n pe ará àdúgbò jọ sí kíláàsì kan nílé ẹ̀kọ́. Ọ̀gá tó ń ṣètò ìlú, ọ̀dọ́mọkùnrin oníwà pẹ̀lẹ́, rí i pé àwòrán tí òun gbé kọ́ ògiri kò yé ẹnikẹ́ni. Ló bá tú bẹ́líìtì ìdí rẹ̀.

"Ẹ̀yin òbí mi, ẹ wò ó. Ìlú ni ikùn, ààlà ni bẹ́líìtì. Tá ò bá dè é rárá, ilé á fọ́n ká inú oko, omi àti iná ò ní lè débẹ̀. Tá a bá dè é le jù, owó ilé á fò sókè, àwọn èèyàn á sì há mọ́ra wọn. Ìdí nìyẹn tá a fi máa ń ka èèyàn lẹ́yìn ọdún díẹ̀, ká tó tú u sí ihò tó kàn."

Ó yé wọn. Wọ́n rẹ́rìn-ín, pàápàá bó ṣe ń di ṣòkòtò rẹ̀ mú. Ìyá náà rẹ́rìn-ín, ó wá dìde.

"Ọmọ mi, o ṣeun. Mi ò ní kí ikùn má tóbi, ibẹ̀ ni mo ti ń jẹ. Ọwọ́ tó ń bọ́ ikùn yẹn ńkọ́? Ṣé tí ikùn bá ti yọ, ṣe là ń gé ọwọ́ jù nù ni?"

"Ìyá, kò sí àyè iṣẹ́ yín nínú àwòrán ni."

"Ta ló yà á?"

"Àwa ni, mà."

"Ẹ tún un yà."

Nígbà tó délé, ọkọ rẹ̀, tó ń wa ọkọ̀ akóbúlọ́ọ̀kù, ti mú òòlù, ó ń yọ ìṣó lára ògiri yàrá wọn. Ó ti mọ́ ọn lára. Inú bí Ìyá gan-an, ó já òòlù gbà.

"Baálé mi, ẹ fi sílẹ̀. Ilé búlọ́ọ̀kù ni mo fẹ́ kọ́ síbí."

"Wọ́n á wó o o!"

"Kí wọ́n wó o! Ẹrù dídì ti sú mi láyé mi."

Láti àárọ̀ ọjọ́ kejì, kò tà mọ́. Búlọ́ọ̀kù tó bá gbẹ, ara ilé rẹ̀ ló ń lọ. Àwọn kọ́lékọ́lé bẹ̀ ẹ́ títí, Ìyá kọ̀ jálẹ̀. Ó ní àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé.

Ilé ti dé ojú fèrèsé nígbà tí ọ̀gá náà gbé ọ̀dà pupa dé.

"Ìyá, ẹ dákun, wọ́n ní kí n kọ ọ́ sára ògiri pé ẹ kó jáde."

"Kọ ọ́. Ṣùgbọ́n gbọ́: gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ lé mi, èmi ni mo fọwọ́ ara mi tú ilé mi, ẹ ò sì mọ̀ pé ẹ wólé ẹnikẹ́ni. Èyí ò ṣeé tú. Ẹ̀yin lẹ máa wó o, inú rẹ̀ ni mo sì máa jókòó sí."

Ọ̀gá ti búrọ́ṣì bọ ọ̀dà, ó gbé e sókè. Ọ̀dà ń kán sí bàtà rẹ̀. Kò kọ nǹkan kan. Ó ní òun á lọ bá àwọn ọ̀gá òun sọ̀rọ̀ àwòrán náà.

Títí di òní, wọn ò tíì tún un yà, wọn ò sì tíì wá wólé. Ìyá ò dúró dè wọ́n. Lọ́jọ́ tó fi páànù bo orí ilé, ó kó gbogbo pákó ilé àtijọ́ jọ, ó ṣáná sí i.

Ọkọ rẹ̀ figbe ta. "Tá a bá máa kó lọ ńkọ́?"

"Lọ síbo?"