Rélùwéè Abẹ́ Ọkọ̀ Apẹja

Nígbà tí mo ṣì ń wọ ṣòkòtò péńpé, mo ní rélùwéè kan tó máa ń gbéra láti Ìkòròdú, tó ń sáré lórí ọ̀sà lọ sí Ẹ̀pẹ́, tí ogójì èrò máa ń wọ̀, tí omi kì í sì í kan ẹsẹ̀ ẹnì kankan. Ẹ̀yin tí ẹ ń rẹ́rìn-ín yẹn, ẹ fara balẹ̀ ná. Ìwé kẹta ni mo kà dé, ṣùgbọ́n ojú mi ti rí nǹkan.

Àbúrò bàbá mi kan ń ṣiṣẹ́ rélùwéè ní Èbúté-Mẹ́ta. Bàbá Èkó là ń pè é. Lọ́dún kan, ó gbé orí rélùwéè kékeré kan wá sílé, irú èyí tí àwọn ọmọ òyìnbó fi ń ṣeré, pẹ̀lú irin tó ń gbà kọjá. Kò gùn ju ọwọ́ mi yìí lọ, bátìrì ló sì ń mú un rìn. Iná iwájú rẹ̀ ti kú, iwájú nìkan ló sì mọ̀ ọ́n lọ. Ó gbé e fún èmi àti ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi tó ń gbé ní Ẹ̀pẹ́, ó ní: "Ẹni tó bá tan iná rẹ̀, tó sì mú un fi ẹ̀yìn rìn láìfọwọ́ kàn án, òun ni màá mú lọ sí Èkó lọ kọ́ iṣẹ́ iná mànàmáná. Ẹnì kan ṣoṣo o. Mò ń bọ̀ nígbà Iléyá."

Ẹ̀yin ọmọ mi, kò sí ohun tí mo fẹ́ láyé nígbà náà ju iṣẹ́ yẹn lọ.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi yìí fi ọ̀sẹ̀ kan péré jù mí lọ, síbẹ̀ dandan ni kí n máa pè é ní Bọ̀dá. Nínú ọkàn mi, Bọ̀dá Ọlọ́sẹ̀-kan ni mò ń pè é. Nígbà ìsinmi ilé ìwé, mo wọ ọkọ̀ ojú omi lọ bá a ní Ẹ̀pẹ́. Bàbá rẹ̀ tó jẹ́ apẹja ní ògbólógbòó ọkọ̀ kan tí wọ́n dojú rẹ̀ dé sétí ọ̀sà. A rápálá wọ abẹ́ rẹ̀, torí ibẹ̀ ṣókùnkùn lọ́sàn-án gangan, ìmọ́lẹ̀ tó kéré jù lọ á sì hàn.

Mo ti yọ gílóòbù tọ́ọ̀ṣì bàbá mi dání láti Ìkòròdú. Ihò iná náà tóbi jù ú lọ, ni mo bá fi bébà dídán inú páálí sìgá wé e títí ó fi há. Bátìrì tí àwọn onírédíò dà nù ni mo ṣà jọ, mo sá wọn sórí páànù kí oòrùn lè jí wọn. Ọjọ́ kẹta ni mo tó rí i pé tí wáyà ọ̀tún bá bọ́ sí òsì, tí tòsì bọ́ sí ọ̀tún, rélùwéè á máa fi ẹ̀yìn rìn. Mo kan ìṣó mọ́ pákó, mo gé agolo mílíìkì, mo fi ṣe ohun tí a ó máa tì: tì í síhìn-ín, ó ń lọ, tì í sọ́hùn-ún, ó ń bọ̀. Kí ni Bọ̀dá ṣe? Ó fi aṣọ dí ihò tí oòrùn ń gbà wọlé. Ó dí i dáadáa o.

Iléyá dé. Nílé wa, àbúrò kì í gbé nǹkan síwájú àgbà nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ló máa gbé e, tí yóò sì sọ ẹni tó ṣe é. Mo gbé rélùwéè lé Bọ̀dá lọ́wọ́.

"Ẹ máa sọ pé èmi ni o."

"Ṣé o rò pé olè ni mí ni?" Ó fi Alùkùráánì búra.

Wọ́n ti fèrèsé pa. Bàbá Èkó tì í síwájú, ó tì í sẹ́yìn, iná ń tàn yòò. "Ta ló ṣe èyí?"

Bọ̀dá dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Èmi ni, sà. Àbúrò mi yìí bá mi fi aṣọ dí ihò."

Ó pààrọ̀ iṣẹ́ wa bí mo ṣe pààrọ̀ wáyà. Mo fò dìde, mo ní irọ́ ni, ẹ ní kó tú u, kó tún un so lójú gbogbo wa. Bàbá Èkó wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní ọmọ tó ń bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jiyàn lójú àgbà kò ní í kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ òun.

Bọ̀dá bá a lọ, ó sì di oníná ńlá. Òun náà ló wá so iná ilé bàbá mi ní àdúgbò Lasunwon ní Ìkòròdú, èmi ni mo di àkàbà mú fún un. "Àbúrò, dì í mú dáadáa o," ló ń sọ láti òkè. Èmi? Bátìrì tọ́ọ̀ṣì ni mo tà ní ibùdókọ̀ Benson títí orí mi fi hu ewú.

Ayé ti yí. Láìpẹ́ yìí, mo ń yin ọmọ ọmọ mi kan pé ó tún fáànù mi ṣe. Àbúrò rẹ̀ já ọ̀rọ̀ gbà: "Bàbá, èmi ni mo tún un ṣe o. Tọ́ọ̀ṣì ni bọ̀dá bá mi dì mú." Ìyá wọn fẹ́ gbá a lẹ́nu. Mo ní kó fi í sílẹ̀, kí ọmọ náà tún un sọ, kó sọ ọ́ sókè.

Torí náà, ẹ jẹ́ kí èmi náà sọ tèmi. Rélùwéè tó rìn lórí ọ̀sà, irọ́ ni, ẹ sì ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Èyí tí ẹ kò mọ̀ ni pé mi ò fò dìde lọ́jọ́ Iléyá yẹn. Bàbá Èkó tiẹ̀ yíjú sí mi, ó bi mí pé, "Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?" Mo gbé ẹran ẹnu mi mì. Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà."