Mo Fìdí Rẹmi Nínú Ìbò Káńsù, Inú Mi Sì Ń Dùn

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ wá gbọ́ ohun tójú mi rí nínú ìbò káńsù ìlú kékeré wa yìí, nítòsí Cheverly lókè òkun níbí. Mo díje, mo fìdí rẹmi, síbẹ̀ èmi ni mo pariwo ayọ̀ ju ẹni tó wọlé lọ! Àbí ẹ ti rí irú ẹ̀ rí?

Nọ́ọ̀sì ni mí. Sidewalk, ìyẹn ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ tí kò sí létí títì wa, ló sọ mí di olóṣèlú. Etí títì gan-an làwọn ọmọ àdúgbò wa ti ń dúró de school bus, tí mọ́tò á máa sáré kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Mo kọ lẹ́tà títí, kò sẹ́ni tó dáhùn. Ni mo bá lọ forúkọ sílẹ̀.

Àṣé Bọ̀dá Délé náà ti forúkọ sílẹ̀. Ṣọ́ọ̀ṣì kan náà la jọ ń lọ o! Lọ́jọ́ Sunday kan, wọ́n dá mi dúró níbi tá a ti ń mu tíì lẹ́yìn ìsìn, wọ́n ní kí n jáwọ́ fún àwọn, pé ọmọ Nàìjíríà méjì ò gbọdọ̀ pín ìbò mọ́ra wọn lọ́wọ́. Wọ́n tún ní àwọn làwọn kọ́kọ́ dé ìlú yìí.

Ha! Ṣé oyè ìdílé ni?

Mo ní, "Bọ̀dá, mi ò jáwọ́ o." Láti ọjọ́ náà, "ẹ káàárọ̀" lásán ló kù láàárín wa.

Ẹ sì wò ó, wọ́n ti yí ètò ìbò padà lọ́dún yìí. Ìjókòó mẹ́ta, àwa mẹ́fà là ń dù ú. Ńṣe lẹ máa tò wá: ẹni tó wù yín jù ni 1, ẹni tó tẹ̀ lé e ni 2, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Bí wọ́n bá yọ ẹni àkọ́kọ́ yín torí pé ìbò ẹ̀ kéré jù, ìbò yín ò ṣòfò, ọ̀dọ̀ ẹnì kejì ló ń lọ.

Lọ́jọ́ ìbò, mo sọ fún Tèmi, ọmọ mi obìnrin tá a bí síbí, pé orúkọ mi nìkan ni màá mú. Ó wò mí, ó ní, "Mummy, who else wants the sidewalk?"

Nínú àwọn márùn-ún yòókù, Bọ̀dá Délé nìkan ló ṣèlérí ẹ̀.

Mo kun àyè 1 níwájú orúkọ mi. Bírò dúró lọ́wọ́ mi. Mo rántí ọ̀rọ̀ ìdí tíì yẹn, inú tún bí mi. Mo rántí àwọn ọmọ létí títì. Mo mí kanlẹ̀, mo fi Bọ̀dá Délé ṣe 2.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n ka ìbò níṣojú wa. Ẹni méjì wọlé, ó ku ìjókòó kan. Wọ́n ní ìbò tèmi ló kéré jù nínú àwọn tó kù, wọ́n yọ mí. Ó dùn mí gan-an! Ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í pín ìbò mi fún ẹni tí oníkálukú fi ṣe 2. Bọ̀dá Délé tó wà lẹ́yìn ń gòkè, wọ́n ń gòkè, wọ́n wọlé! Ìbò tí èmi fúnra mi dì sì wà nínú ẹ̀ o! Igbe tí mo ké, ìyàwó wọn fò sókè.

Bọ̀dá wá bá mi. "Má bínú, àbúrò. Àwọn tó jáde nítorí ẹ ló gbé mi wọlé."

Mo ní, "Sidewalk ńkọ́?"

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín, wọ́n ní kí n wá sí ìpàdé àkọ́kọ́, kí n fẹnu ara mi sọ ọ́. Mo lọ! Àwọn òṣìṣẹ́ káńsù ti wá wọn ibi tí sidewalk náà máa gbà báyìí.

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ ni pé kéèyàn má jẹ́ kí ìbínú bá òun dìbò. Ẹ̀yin ńkọ́? Ta lẹ ti bínú sí rí, tẹ́ ẹ tún wá tì lẹ́yìn? Ẹ wá rò ó fún mi nísàlẹ̀ níbí, etí mi ti ṣí sílẹ̀!