Ẹ̀yìn Akíntádé

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Erinje, ẹ̀yìn ọmọ kíláàsì wa kan wà tí gbogbo wa ń bẹ̀rù ju pàṣán lọ. Akíntádé ló ni ín. Ó ti dàgbà kó tó bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé. Ní kíláàsì kẹta, irùngbọ̀n ti ń hù lágbọ̀n rẹ̀. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi ò ní gbàgbé bí wọ́n ṣe ń nà wá láyé ọjọ́un: ọmọ tó tóbi jù á pọ̀n ọ́, á di ọwọ́ rẹ méjèèjì mú láyà rẹ̀, tíṣà á wá máa fi pàṣán kí ìdí rẹ.

Lójú Tíṣà, ọmọ dáadáa ni Akíntádé. Ó ń pọn omi fún un, ó ń bá a ro oko ẹ̀gẹ́. Lójú tiwa, ìyà ni. Tí a bá tú ewé pupuru wa lọ́sàn-án, oúnjẹ ẹ̀gẹ́ tí à ń gbé wá láti ilé, òun á wá mú ẹja tó wù ú níbẹ̀. Ẹni tó bá kọ̀, Akíntádé á sọ fún Tíṣà pé ó pariwo ní kíláàsì, á sì ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti pọ̀n ọ́n. A fẹjọ́ sùn títí. Tíṣà ní, "Ẹni tó ń tọ́ yín sọ́nà lẹ fẹ́ bà jẹ́ lójú mi?"

Lọ́jọ́ kan, ìyá mi fi orí ẹja àrọ̀ sí oúnjẹ mi. Orí odidi! Àtàárọ̀ ni mo ti ń gbóòórùn rẹ̀ láti inú ewé. Bí Akíntádé ṣe nawọ́, mo ki í bọnu, teegun teegun. Kò pẹ́ tí mo fi bá ara mi lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ̀rù bà mí, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n epo pupa ọbẹ̀ ẹja náà ṣì wà lọ́wọ́ mi, ó ń yọ̀. Bí Tíṣà ṣe gbé pàṣán sókè, ọwọ́ mi yọ̀ mọ́ Akíntádé lọ́wọ́, mo já bọ́ sílẹ̀, pàṣán sì bá onítọ̀hún nídìí.

"Yéè! Ìyé mi o! Ìyé mi, gbà mí o!"

Ìyá tó ń pè wà lóko lọ́hùn-ún, níbi tó ti ń fọ epo. Ẹgba kan ṣoṣo! Àwa tí a ti ń jẹ mẹ́fà mẹ́fà wo ara wa, ẹ̀rín sì sọ. Tíṣà pàápàá rẹ́rìn-ín títí pàṣán fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó fún Akíntádé lẹ́ja mọ́, inú mi dùn kọjá sísọ.

Láìpẹ́ yìí, wọ́n pè wá sípàdé nílé ìwé ọmọ ọmọ mi ní Okitipupa. Tíṣà wọn, ọmọdébìnrin jẹ́ẹ́jẹ́ kan, ní àwọn máa ń pe ọmọ kọ̀ọ̀kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ báyìí, àwọn á bi í pé, "Ta ló ń fìyà jẹ ọ́?" Ó dára, ó wù mí. Láyé tiwa, kò sẹ́ni tó bi wá. Ká ní wọ́n bi wá ni, orúkọ ẹni méjì là bá dá: ẹni tó ń pọ̀n wá, àti Tíṣà fúnra rẹ̀ tó ń bi wá.