Ìkejìlá Tí Kò Ní Ipò Kan

Títí dòní, bí òjò àkọ́rọ̀ bá kan ilẹ̀ pupa ìsàlẹ̀ Màpó, òórùn tó máa ń gòkè wá yẹn máa ń mú kí ẹsẹ̀ yún mi. Níbẹ̀ la ti ń gbá bọ́ọ̀lù nígbà tí òyìnbó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fìdí múlẹ̀ ní Ìbàdàn, láìwọ bàtà, tí eruku á sì bo gbogbo ojú. O mọ̀ mí nígbà yẹn, ọ̀rẹ́ mi: ahunṣọ òfì ni mí ní Bẹyẹrùnkà, ọmọ Ìmàle nínú ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù àwọn tíṣà ìjọ. Mo lè ṣọ́ ẹ̀yìn, mo lè sáré lẹ́gbẹ̀ẹ́ òsì, mo lè gbá iwájú. Ibi tó bá ṣófo ni wọ́n ń fi mí sí. N ò ní purọ́, mo mọ bọ́ọ̀lù gbá ju ìdajì wọn lọ, ṣùgbọ́n kò sí ibì kan tí mo lè nawọ́ sí pé tèmi nìyí, ó sì ń dùn mí gan-an.

Lọ́dún kan, àwọn ará Èkó ránṣẹ́ pè wá fún eré mẹ́ta. Àga méjìlá ni ìjọ gbà fún wa nínú ọkọ̀ ojú irin. Kápútéènì wa, tíṣà àgbà kan láti Òkè Padre tí kì í rẹ́rìn-ín lásán, ti mú mọ́kànlá, ó ní eré tí a ó bá àwọn akọ̀wé rélùwéè gbá ni òun máa fi yan ìkejìlá. Ó wò mí, ó ní, "Ìwọ, gbogbo ibi lo wà, bẹ́ẹ̀ lo ò sí níbì kankan." Ọ̀rọ̀ yẹn ká mi lára. Mi ò dé Èkó rí, mo sì ti sọ fún gbogbo agbo ilé wa pé mò ń lọ.

Lọ́jọ́ eré náà, ẹ̀yìn ni mo wà. A ti fi ayò méjì sí ẹyọ kan ṣíwájú wọn nígbà tí eruku kó sí aṣọ́lé wa lójú. Kápútéènì ní kí n dúró sí gólì títí yóò fi bọjú tán. Bọ́ọ̀lù mẹ́rin ni wọ́n gbá sí mi, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni mo mú. Ọwọ́ tó ń ju ọ̀kọ̀ òfì, igi kékeré tó ń gbé òwú kọjá, láti àárọ̀, tó sì ń gbà á padà, kí ni bọ́ọ̀lù fẹ́ fi ṣe? Aṣọ́lé padà dé, mo padà sí ẹ̀yìn, ara mi yá gágá.

Àṣìṣe tó tẹ̀ lé e, èèyàn bíi tèmi nìkan ló lè ṣe é. Bọ́ọ̀lù kan ga wá, mo fò sókè, mo fọwọ́ méjèèjì mú un, mo gbá a mọ́ àyà. Ẹsẹ̀ mi ti kúrò ní gólì, ọwọ́ mi ò tíì kúrò. Rẹfirí fọn fèrè, ó ní kí wọ́n wá gbá pẹnáríìtì. Gbogbo pápá bú sẹ́rìn-ín. Ojú tì mí débi pé n ò mọ ibi tí màá gbé bọ́ọ̀lù náà sí.

Aṣọ́lé wa ní òun ò tíì ríran dáadáa. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n dúró sí gólì, èmi ni mo kúkú dá a sílẹ̀. Akọ̀wé tó fẹ́ gbá pẹnáríìtì náà sáré wá, ó gbá a sí ọ̀tún mi, mo na gbogbo ara, ìka méjì péré ló kàn án, ó sì gba ẹ̀gbẹ́ òpó jáde. Bí a ṣe borí nìyẹn.

Lẹ́yìn eré, kápútéènì mú ìwé àti pẹ́ńsùlù jáde. "Mo ti rí ipò rẹ wàyí," ó ní. "Ṣé kí n kọ aṣọ́lé sí iwájú orúkọ rẹ?"

Aṣọ́lé wa dúró tì wá, ojú rẹ̀ pọ́n. Bí mo bá gbà, òun ló máa di ìkejìlá. Ó wù mí, n ò ní tàn ẹ́. Ṣùgbọ́n mo wo pápá yẹn láti òkè dé ìsàlẹ̀, mo sì mọ̀ pé gbogbo rẹ̀ ni mo fẹ́ràn, kì í ṣe àárín òpó méjì.

Mo ní, "Ẹ kọ orúkọ mi, sà. Ẹ jẹ́ kí iwájú ẹ̀ ṣófo."

Ó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ní Èkó, ipò mẹ́rin ni mo gbá nínú eré mẹ́ta. Lẹ́yìn ìyẹn mo gbá fún rélùwéè, mo gbá fún àwọn akọ̀wé kóòtù, ẹgbẹ́ mẹ́fà lápapọ̀ kí orókùn mi tó ní ó tó. Mo rí ọ̀pọ̀ àwọn tó ní ipò tí wọ́n di ẹni tó ń jókòó sílé láti ọjọ́ tí ẹlòmíì gbà á lọ́wọ́ wọn. Tèmi dà, tí ẹnikẹ́ni fẹ́ gbà?