Ẹ Jẹ́ Kí Gbẹ́nàgbẹ́nà Náà Sọ Tán

Òórùn ẹ̀pà ni mo kọ́kọ́ máa ń rántí. Ilé ìkẹ́rùsí kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin ní Ṣábẹ̀ẹ́, níbi tí wọ́n ti ń kó ẹ̀pà àti òwú jọ kí ọkọ̀ ojú irin tó wá gbé wọn lọ sí Kútọnu. Bí ẹ̀pà bá ti lọ tán, eruku rẹ̀ kì í bá a lọ. Á dúró sára ògiri, á wọni nímú, á sì dàpọ̀ mọ́ òórùn àpò àti ti epo ẹ̀rọ amúnáwá tí wọ́n gbé sẹ́yìn ilé. Inú ilé yẹn la ti ń wo sinimá ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, nítorí pé fíìmù tó bá ọkọ̀ àárọ̀ dé nínú àpótí páànù gbọ́dọ̀ bá ọkọ̀ ìrọ̀lẹ́ lọ. A máa ń kan àpò mọ́ fèrèsé kí òkùnkùn lè wà, a ó ti ilẹ̀kùn, a ó sì máa làágùn bí ẹni tó ń kọ ebè. Ìwọ tí o máa ń bi mí léèrè àwọn fíìmù tó ṣókùnkùn, tó ń dẹ́rù bani, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀, inú òógùn yẹn ni mo ti ń yìn wọ́n fún ènìyàn kí o tó mọ̀ mí. Ibẹ̀ náà ni ìbínú kan ti wọ̀ mí lára, kò sì tíì jáde títí dòní.

Kò tíì pẹ́ púpọ̀ tí a gba òmìnira nígbà náà. Ìjọba gbé mi láti Kétu lọ kọ́ àwọn ọmọ ní Ṣábẹ̀ẹ́. Àwọn ọmọ ń fi ohùn Kétu mi ṣẹ̀fẹ̀, àwọn ìyá wọn ń pè mí ní Madáàmù. A wà ní mẹ́fà tí ọ̀rọ̀ sinimá kò jẹ́ ká sinmi: ọ̀gá tó ń bójú tó ibùdókọ̀ ojú irin, aránṣọ kan, olùkọ́ méjì, akọ̀wé ìjọba kan, àti èmi. Àwa la ń kọ lẹ́tà sí oní-sinimá ní Kútọnu láti sọ èyí tí a fẹ́. Ẹṣin àti ìbọn ni àwọn márùn-ún yòókù fẹ́. Fíìmù tí a ti ń rí inú ọmọ ènìyàn, tí ohun tí a rí níbẹ̀ kò sì dára, òun ni èmi fẹ́. Èmi ni mo sọ fún wọn nípa èyí tí atukọ̀ kan mọ̀ pé ẹni tó pa aya òun wà láàárín èrò inú ọkọ̀ òun, tó sì ń tukọ̀ lọ láìwí nǹkan. Èmi ni mo sọ nípa opó tí kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pọnmi nínú kànga rẹ̀. Aránṣọ bi mí lọ́jọ́ kan pé, "Madáàmù, ṣé ẹ ò mọ fíìmù kan tí wọ́n ti ń jẹun yó, tí wọ́n sì ń sùn dáadáa?" Mo ní mo mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n bá nígbà tí wọ́n jí lójú oorun náà ló dùn.

Èyí tí mo yìn jù lọ ni ti gbẹ́nàgbẹ́nà. Mo yìn ín fún wọn bí alárenà ti í yin ìyàwó. Abúlé òyìnbó kan ni, níbi tí òtútù ti ń pa ènìyàn. Wọ́n pa olówó kan, wọ́n sì mú gbẹ́nàgbẹ́nà tó ń ṣiṣẹ́ fún un. Adájọ́ mọ̀ pé àbúrò òun gan-an ló pànìyàn, ó sì dá gbẹ́nàgbẹ́nà lẹ́bi síbẹ̀. Àjàṣẹ́ ni mo ti wò ó nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́. A kò pọ̀ nínú gbọ̀ngàn, àwọn kan sì dìde lọ kó tó parí, wọ́n ní kò sí ìjà níbẹ̀. Èmi padà lọ wò ó lẹ́ẹ̀mejì sí i, mo sì kọ ọ̀rọ̀ tí ọkùnrin náà sọ níwájú adájọ́ sínú ìwé, títí tí mo fi mọ̀ ọ́n sórí.

Obìnrin kan wà tó ń din iṣu tà níwájú la gáà, bí a ti ń pe ibùdókọ̀ ojú irin níbẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ni mo ti ń ra dùndú ní àràárọ̀. Alárùú ni ọkọ rẹ̀, ẹrù ọkọ̀ ló ń gbé. Nígbà òjò tó kọjá, ìdì aṣọ oníṣòwò kan sọnù, wọ́n ní òun ló jí i, adájọ́ sì rán an lọ sẹ́wọ̀n ọdún mẹ́ta ní apá òkè. Obìnrin náà kì í sunkún níṣojú ènìyàn. Ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ bá ti ọ̀nà Parakú dé, á fi ṣíbí gígùn rẹ̀ sílẹ̀ nínú epo, á máa wo ojú gbogbo ẹni tó ń sọ̀kalẹ̀. Èmi ni mo fi ẹnu ara mi pè é. Mo ní, "Ẹ wá wo èyí lọ́jọ́ Àìkú. Ọkùnrin kan ni tí wọ́n dá lẹ́bi láìṣẹ̀." Ó bi mí bóyá wọ́n dá a sílẹ̀ níkẹyìn. Mo ní rárá. Ó yí iṣu padà nínú epo, ó ní, "Ó dáa, n ó wá. Bí wọ́n bá dá a sílẹ̀ ni, n kì bá gbà á gbọ́."

Sinimá kò lè lọ láìsí ògbufọ̀, nítorí Faransé ni wọ́n ń sọ níbẹ̀, àwọn tó gbọ́ ọ láàárín wa kò sì pọ̀. Ọkùnrin kan tó sanra díẹ̀, tí aṣọ funfun rẹ̀ kì í ní àbàwọ́n láìka gbogbo eruku ẹ̀pà yẹn sí, ló ń ṣe é. Á dúró lórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ tí àwòrán ń hàn lára rẹ̀, pẹ̀lú igi tẹ́ẹ́rẹ́ lọ́wọ́, á máa sọ ohun tí wọ́n ń wí fún wa. Bí ọ̀sẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀, adájọ́ tó máa ń ti ìlú mìíràn wá gbọ́ ẹjọ́ ló ń ṣe ògbufọ̀ fún. Ohun tí gbogbo wa fi fẹ́ràn rẹ̀ ni pé ó mọ bí a ti ń gé ọ̀rọ̀ kúrú. Òyìnbó lè rojọ́ títí itọ́ á fi gbẹ lẹ́nu rẹ̀, ògbufọ̀ á ní, "Ó ní òun ò lọ." Gbogbo wa á bú sẹ́rìn-ín. Èmi tí mo gbọ́ ọ̀rọ̀ gígùn náà ni mo máa ń rẹ́rìn-ín jù. Mo fẹ́ kí o mọ ìyẹn, nítorí n kò ní sọ ìtàn yìí bí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́.

Ọjọ́ Àìkú náà, ilé kún dé ẹnu ọ̀nà. Obìnrin onídùndú jókòó sórí àpótí rẹ̀ níwájú, ó ká ọwọ́ mọ́ orúnkún. Ní ìbẹ̀rẹ̀, gbogbo nǹkan ń lọ dáadáa. Nígbà tí wọ́n mú gbẹ́nàgbẹ́nà, ọ̀gá ibùdókọ̀ ti ń fi ánkáṣífì nu omijé. Lẹ́yìn náà ni a dé ilé ẹjọ́. Ọkùnrin náà dìde, ó di igi iwájú rẹ̀ mú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ̀rọ̀ tí mo mọ̀ sórí. Ó sọ ọ́, ó dákẹ́, ó tún sọ ọ́. Omi ń bọ́ lójú rẹ̀, kò nù ún. Ó sọ̀rọ̀ pẹ́ gan-an. Nígbà tó parí, ògbufọ̀ fi igi kan aṣọ, ó ní, "Ó ní lóòótọ́ òun ló ṣe é, kí wọ́n ṣàánú òun."

Àwọn kan mí kanlẹ̀, bí ẹni pé ọ̀rọ̀ ti yanjú. Ẹnì kan lẹ́yìn ní kí wọ́n yáa so ó kọ́. Mo gbọ́ ohùn obìnrin onídùndú, kò pariwo, ó kàn béèrè ni: "Gbogbo ọ̀rọ̀ gígùn yẹn, ohun tó sọ kò jù yẹn lọ?"

Mo dìde. Mo ní, "Irọ́ ni. Kò sọ bẹ́ẹ̀."

Ẹni tó ń yí fíìmù dá ẹ̀rọ dúró, ẹnì kan sì ṣílẹ̀kùn. Ògbufọ̀ wò mí láti orí àpótí rẹ̀. "Madáàmù, ẹ jókòó. Ṣé ẹ fẹ́ kí àwọn ará ìlú máa rò pé adájọ́ a máa dá aláìṣẹ̀ lẹ́bi? Lónìí tí ìjọba di tiwa?"

Mo ní, "Ẹ sọ ohun tí ọkùnrin náà sọ."

Kò tiẹ̀ bínú. Ohun tó dùn mí jù nìyẹn. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó gbọn eruku kúrò lápá aṣọ rẹ̀, ó ní, "Èmi mọ iṣẹ́ mi. Bí mo ti ń ṣe é níbi gbogbo nìyí."

Obìnrin onídùndú gbé àpótí rẹ̀, ó jáde. Wọ́n tún ti ilẹ̀kùn, wọ́n ń bá fíìmù náà lọ, kò sì sí ẹni tó béèrè ohunkóhun mọ́. Kí òòrùn tó wọ̀, obìnrin náà ti wà lẹ́nu ọ̀nà mi. Ó tú etí ìró rẹ̀, ó yọ ìwé kan tó ká sínú aṣọ. Ìwé ilé ẹjọ́ ni. Ó ní ẹni tó kà á fún òun nígbà náà, iye ọdún nìkan ló kà. "Ẹ wá ibi tí ọkọ mi ti sọ̀rọ̀ fún mi."

Mo wá a. Ìlà kan péré ni: ẹni tí a fẹ̀sùn kàn gbà pé òun ló gbé ìdì aṣọ náà. Mo yí ìwé padà, kò sí nǹkan lẹ́yìn rẹ̀. Mo bi í pé kí ni ọkọ rẹ̀ sọ lọ́jọ́ náà. Ó ní, "Mo gbé ẹ̀kọ gbígbóná dání fún un. Ó sọ̀rọ̀ títí ẹ̀kọ fi tutù lọ́wọ́ mi. Ó ní akọ̀wé oníṣòwò náà ló rán òun, pé kí òun gbé ìdì yẹn lọ sílé rẹ̀. Ó ní òun sọ ọ́ kalẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ìyàwó akọ̀wé sì bu omi fún òun mu. Ó ní kí wọ́n lọ bi obìnrin náà." Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni, bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà wí. Èyí tiẹ̀ tún burú ju ìyẹn lọ. Adájọ́ jókòó, ó rò pé òun gbọ́ tọ̀tún tòsì, bẹ́ẹ̀ ògbufọ̀ yẹn ti dúró sáàárín, ó ti gbé ọ̀rọ̀ ọkùnrin náà jù sílẹ̀ nítorí pé ó gùn. Mo rántí gbogbo ẹ̀rín tí mo ti rín ní ilé ìkẹ́rùsí yẹn, ojú sì tì mí níwájú obìnrin náà.

Mo kọ lẹ́tà sí ilé ẹjọ́ àgbà, mo kọ ọ̀rọ̀ alárùú náà sínú rẹ̀ láìgé ọ̀kan kúrò. Mo gbé e tọ àwọn olólùfẹ́ sinimá ẹlẹgbẹ́ mi lọ kí wọ́n bá mi fọwọ́ sí i, nítorí ohun tí orúkọ mẹ́fà lè ṣe, orúkọ kan kò lè ṣe é. Àwọn olùkọ́ méjèèjì ní àwọn lọ́mọ tí àwọn ń bọ́. Akọ̀wé ní òun àti ògbufọ̀ jọ ń ṣiṣẹ́ ìjọba. Ọ̀gá ibùdókọ̀, tí ẹkún rẹ̀ kò jẹ́ ká gbọ́ ohùn fíìmù, ka lẹ́tà náà lẹ́ẹ̀mejì, ó ní, "Madáàmù, sinimá ni sinimá." Ẹni tó ń sunkún a máa ríran, àbí kò ríran ni? Ibi tí alárùú náà ti ń gbé ẹrù lójoojúmọ́ kò jìnnà sí àga rẹ̀. Aránṣọ tó ń fẹ́ fíìmù tí wọ́n ti ń jẹun yó nìkan ló gba kálàmù lọ́wọ́ mi. Kò lè kọ ju orúkọ rẹ̀ lọ, ó kọ ọ́ gàdàgbà. Ọkọ̀ ìrọ̀lẹ́ tó ń gbé àpótí fíìmù lọ náà ló gbé lẹ́tà wa lọ.

Kí èsì kankan tó dé, wọ́n gbé mi kúrò ní Ṣábẹ̀ẹ́ lọ sí ilé-ìwé oníyàrá kan lápá Boni, wọ́n ní ibẹ̀ nílò olùkọ́. Kò sí sinimá níbẹ̀. Ògbufọ̀ ṣì wà lórí àpótí rẹ̀. Nígbà tí a ṣe àjọ̀dún òmìnira, mo gbọ́ pé iwájú ni wọ́n fi í jókòó sí. Bínú bínú ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo ọdún yẹn.

Nígbà tí ọyẹ́ dé, mo rí ọkùnrin kan tó ń ti kẹ̀kẹ́ bọ̀ wá sí àgbàlá ilé-ìwé, iṣu mẹ́rin ni ó dì sẹ́yìn rẹ̀. Ó ti rù, irun rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù. Alárùú náà ni. Wọ́n ti dá a sílẹ̀. Kò tíì lo ọdún méjì pé. Wọ́n ṣílẹ̀kùn fún un láàárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n ní kó máa lọ sílé. Kò sẹ́ni tó sọ ìdí, kò sẹ́ni tó bẹ̀ ẹ́. N kò mọ̀ bóyá lẹ́tà wa ni, n kò sì ní purọ́ fún ọ pé òun ni. Ó sọ iṣu kalẹ̀, ó kí mi tán, ó sì dúró. Mo rò pé ó fẹ́ dúpẹ́ ni, mo ti ń wá ohun tí n ó fi dá a lóhùn.

Ó ní, "Madáàmù, ìyàwó mi sọ fún mi nípa gbẹ́nàgbẹ́nà kan. Ó ní ẹ̀yin lẹ mọ ohun tó sọ. Mo fẹ́ gbọ́ ọ."

A jókòó sórí bẹ́ǹṣì àwọn ọmọ. Mo sọ ọ́ fún un pátá, bí mo ti kọ ọ́ sílẹ̀ ní Àjàṣẹ́: "Èmi ni mo kan ilẹ̀kùn ilé ọ̀gá mi. Igi tó le jù lọ ni mo wá, mo sì fi irin mẹ́ta dè é nínú, nítorí ó ní òun ń bẹ̀rù olè. Bí mo bá fẹ́ pa á, kí ló dé tí mo fi kan irú ilẹ̀kùn bẹ́ẹ̀ fún un? Ẹnikẹ́ni kò fọ́ ọ. Ọ̀gá mi ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣí i fún ẹni tó mọ̀. Ẹ wá ẹni tó ṣílẹ̀kùn fún. Ẹ má wá ẹni tó kan ilẹ̀kùn." Ó ṣì kù, mo sì sọ gbogbo èyí tó kù. Kò já lu ọ̀rọ̀ mi. Nígbà tí mo parí, ó ní kí n tún un sọ, mo tún un sọ.

Ó ní, "Ohun tí mo sọ náà nìyẹn." Lẹ́yìn náà ló sunkún.

Nítorí náà, bí mo bá yin fíìmù fún ọ, tí o sì sọ fún mi pé ó ṣókùnkùn jù, pé ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ gùn, pé o sún un síwájú níbi tí ọkùnrin kan ti ń rojọ́, má bi mí ìdí tí ohùn mi fi yí padà. Padà lọ jókòó, kí o jẹ́ kó sọ tán.