Oyin Inú Fúláàsì

Mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ iléèwé ní Inísà láti ọdún mẹ́tàlélógún, iṣẹ́ náà sì bà mí jẹ́ díẹ̀. Ó mọ́ mi lára kí n máa ṣàtúnṣe fún ẹlòmíì, n kò mọ bí wọ́n ṣe ń gba àtúnṣe.

Nígbà tí kòrónà mú Màámi ní Òkukù, ọsibítù kan ní Ìkìrun la gbé wọn lọ. Wọ́n ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún, àtọ̀gbẹ sì ti wà lára wọn tipẹ́. Dókítà wọn, ọ̀dọ́mọkùnrin kan, pè mí sí ẹ̀gbẹ́ géètì. Ó ní oògùn tí àwọn fi ń tọ́jú èémí Màámi máa ń gbé ṣúgà ara sókè, abẹ́rẹ́ ínsúlíìnì làwọn á máa fi fà á wálẹ̀, oúnjẹ wọn kò sì gbọ́dọ̀ ládùn rárá.

Mo ní, "Mo ti gbọ́, dókítà."

Mo gbọ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n Màámi kò rí nǹkan jẹ, gbogbo nǹkan ló ń korò lẹ́nu wọn. Mo bá ń po ògì sínú fúláàsì láràárọ̀, mo ń fi oyin ṣíbí mẹ́ta sí i. Mo ti dán oyin náà wò: mo kán an sílẹ̀ lójú ọ̀nà èèrà, èèrà ò yà síbẹ̀. Nílé wa, oyin tí èèrà bá ti yẹra fún, ojúlówó ni, oògùn ni, kì í ṣe ṣúgà. Wọn kì í jẹ́ kí ẹbí wọlé, nítorí náà nọ́ọ̀sì ló máa ń gba fúláàsì lọ́wọ́ mi ní géètì. Màámi á pè mí lórí fóònù: "Ó wọ̀ mí lẹ́nu, ọmọ mi. Má dín in kù o."

Ṣúgà wọn ò sọ̀ kalẹ̀. Dókítà ń fi kún abẹ́rẹ́. Lọ́jọ́ kan ó bi mí pé, "Mà, kí lẹ̀ ń fi sínú oúnjẹ Màmá?"

Mo ní, "Ògì lásán ni." Ojú mi ò tilẹ̀ ṣẹ́.

Lọ́jọ́ kẹsàn-án, àwọn tó ń bẹ iléèwé wò fún ìjọba wá sọ́dọ̀ wa. Mo ní tí wọ́n bá ti kúrò ni n óò gbé fúláàsì lọ. N kò pe ẹnikẹ́ni. Ní Ìkìrun, wọ́n ti gún Màámi ní abẹ́rẹ́ àárọ̀ bí ìṣe wọn. Nígbà tí nọ́ọ̀sì gbé oúnjẹ ọsibítù síwájú wọn, Màámi kọ̀ ọ́.

Wọ́n ní, "Gbé e kúrò. Fúláàsì ọmọ mi ń bọ̀."

Nọ́ọ̀sì gbà wọ́n gbọ́. Ìgbà wo ni fúláàsì ò dé rí? Abẹ́rẹ́ náà kò bá oúnjẹ kankan nínú wọn; kó tó padà sọ́dọ̀ wọn, ṣúgà wọn ti já wálẹ̀ pátápátá, Màámi ò sì mọ ibi tí wọ́n wà mọ́.

Kòrónà lọ. Iyè wọn ò padà. Lọ́jọ́ tí a ń gbé wọn lọ sílé, dókítà náà dọ̀bálẹ̀ fún wa. Ó ní, "Ẹ forí jì mí. Èmi ni mo fi kún abẹ́rẹ́ yẹn jù." Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin bú u. Mo dúró níbẹ̀, mo gbé fúláàsì dání. Ó yẹ kí n sọ fún un pé, "Dìde, irọ́ mi lò ń wọn abẹ́rẹ́ fún." Ojú ṣì ń tì mí di òní.

Èmi ni mo ń fún Màámi lóúnjẹ báyìí ní Òkukù. Láràárọ̀ ni wọ́n máa ń rọra ti ọwọ́ mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Wọ́n á ní, "Ẹ ṣeun, ìyá. Ẹ gbé e kúrò. Fúláàsì ọmọ mi ń bọ̀."